Ẹ̀rí Ojú Ọ̀run Wo Ni Kí A Fi Dán Tíọ́rì Òòfà Wò? Ìfiwéra fún Akẹ́kọ̀ọ́ Físíìsì ní Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́

Ní ọdún 1998, ẹgbẹ́ olùwádìí méjì tí wọ́n ń wo àwọn ìràwọ̀ tó bú gbàmù ní ọ̀nà jíjìn réré rí i pé fífẹ̀ tí àgbáyé ń fẹ̀ kò dẹwọ́ rárá, ńṣe ló ń yára sí i. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan gbà pé òòfà, ìyẹn agbára tó ń fa ohun gbogbo mọ́ra (gravity), ṣì rí bí Einstein ṣe ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 1915, àti pé ohun kan tí wọ́n ń pè ní agbára òkùnkùn ló kún inú àgbáyé tó ń ti àwọn gálọ́ksì jìnnà síra wọn. Àwọn mìíràn sọ pé òfin òòfà gan-an ló yẹ kí a tún yẹ̀ wò, nítorí pé ó ṣeé ṣe kí òfin tó ṣiṣẹ́ láàárín oòrùn àti ayé má ṣiṣẹ́ bákan náà láàárín àwọn gálọ́ksì tó jìnnà síra gan-an.

Ọ̀nà kejì yìí kì í ṣe àjèjì ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Benin). Láti Ilé-ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Ìṣirò àti Físíìsì tó wà ní Dangbo, tí kò jìnnà sí ìlú, ìwé ìwádìí lórí f(T), f(R,T) àti àwọn ẹbí wọn bíi f(R) ti jáde tí gbogbo ayé sì ń kà. Àwọn tíọ́rì tó tún ìdọ́gba Einstein kọ ni wọ́n: R ni bí àyè àti àkókò ṣe tẹ̀, T inú f(T) ni bí wọ́n ṣe lọ́, T inú f(R,T) sì dúró fún ohun tó wà nínú àgbáyé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ wá sí ibẹ̀ lè mọ bí a ṣe ń kọ ìdọ́gba òòfà tuntun sílẹ̀ kí ọdún àkọ́kọ́ tó parí. Lẹ́yìn tí ìdọ́gba bá ti dúró sórí ìwé ni iṣẹ́ tó le máa ń bẹ̀rẹ̀: ẹ̀rí wo ni a ó fi dán an wò? Dátà tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì pọ̀, ọ̀fẹ́ sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ṣùgbọ́n kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó lè lo gbogbo wọn bó ṣe yẹ láàárín àkókò tí wọ́n fún un láti fi kọ ìwé àṣekágbá. Ó di dandan kí ó yàn. Ìfiwéra yìí wà fún ẹni tó fẹ́ yàn.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Ohun mẹ́rin ni mo fi wọn ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan. Èkíní ni owó: iye íntánẹ́ẹ̀tì tí a ó rà kí a tó gba dátà náà sílẹ̀, irú kọ̀ǹpútà tó nílò, àti wákàtí tí kọ̀ǹpútà náà yóò fi ṣiṣẹ́ láìsí pé iná lọ. Èkejì ni ìgbẹ́kẹ̀lé, pàápàá irú àṣìṣe tí kíkó dátà púpọ̀ sí i kò lè wò sàn. Ẹ̀kẹta ni ohun tí àwọn tó ṣètò dátà náà ti gbà gẹ́gẹ́ bí òtítọ́ kí ó tó dé ọwọ́ wa. Bí wọ́n bá ti fi òfin Einstein ṣètò rẹ̀, ó yẹ kí á ṣọ́ra kí á tó fi í ṣe ìdájọ́ lórí òfin Einstein kan náà. Ẹ̀kẹrin ni tíọ́rì tí ẹ̀rí náà lè yà sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn.

Owó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ wò, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Síbẹ̀, a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ohun kẹta àti ìkẹrin ló ń sọ bóyá iṣẹ́ náà yóò ní ìtumọ̀, nítorí ìdí kan tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní lọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀: bí a bá ti mọ H(z), ìyẹn bí àgbáyé ṣe yára fẹ̀ tó ní ìgbà kọ̀ọ̀kan nínú ìtàn rẹ̀, a lè ṣe f(R) kan tí yóò bá a mu rẹ́gí, a lè ṣe f(T) kan tí yóò bá a mu rẹ́gí, a sì lè ṣe agbára òkùnkùn kan tí yóò bá a mu rẹ́gí láì fọwọ́ kan òòfà Einstein rárá. Epo pupa méjì lè jọra nínú ìgò débi pé ojú kò lè yà wọ́n. Àfi tí a bá gbé wọn kaná ni a ó mọ èyí tí wọ́n lú. Ẹni tó bá fi ẹ̀rí fífẹ̀ nìkan kọ ọ́ pé òun ti rí àmì pé òòfà yàtọ̀ ti sọ ju ohun tí ẹ̀rí rẹ̀ gbé lọ.

Supernova irú Ia

Èyí ni ẹ̀rí tó mú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wáyé, òun náà ló sì ṣì wọ́pọ̀ jù. Ìràwọ̀ kékeré kan tó ti kú, tó sì ki gan-an, ló máa ń bú. Nígbà tí a bá ti ṣe àtúnṣe díẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ wọn, ìtànṣán wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, nítorí náà bí ọ̀kan bá ṣe ṣókùnkùn sí lójú wa ni a fi ń mọ bó ṣe jìnnà tó. Àkójọ Pantheon+ tó jáde ní 2022 ní supernova 1550 nínú, tí wọ́n tọpa ìmọ́lẹ̀ wọn ní ọ̀nà 1701, láti redshift 0.001 títí dé 2.26. Redshift ni bí ìmọ́lẹ̀ ṣe nà sí ìhà pupa tó nítorí fífẹ̀ àgbáyé; bí ó bá ṣe tóbi tó ni ohun náà ṣe jìnnà tó.

Ní ti owó, kò wọ́n. Fáìlì méjì péré ló ṣe pàtàkì. Ọ̀kan jẹ́ tábìlì ìjìnnà. Èkejì ń sọ bí àṣìṣe supernova kọ̀ọ̀kan ṣe so mọ́ ti àwọn yòókù. Bí ẹ bá ṣí èkejì yìí, nọ́ńbà àkọ́kọ́ tí ẹ ó rí ni 1701, lẹ́yìn náà ni gbogbo ìyókù tò sí ìlà kọ̀ọ̀kan lọ sísàlẹ̀, nọ́ńbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mílíọ̀nù mẹ́ta. Ẹ óò tún un tò sí 1701 ní ìbú àti 1701 ní òró, ẹ óò yí i po (ẹ wá inverse rẹ̀) lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ óò sì fi èsì rẹ̀ pamọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa yí i po ní gbogbo ìgbà tó bá dán pàrámítà tuntun wò yóò fi òru mọ́jú dúró de iṣẹ́ tí kò yẹ kó pẹ́ bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà alágbèéká lásán lè gbé gbogbo rẹ̀. Ó sì dára kí ẹ yọ àwọn tí redshift wọn kò tó 0.01 kúrò, nítorí pé nítòsí bẹ́ẹ̀, ìrìn tí gálọ́ksì fúnra rẹ̀ ń rìn máa ń da fífẹ̀ àgbáyé rú.

Ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀ ga, ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta wà tó yẹ kí á mọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, supernova nìkan kò lè sọ iye H0, ìyẹn bí fífẹ̀ ṣe yára tó lónìí, nítorí pé H0 àti ìtànṣán gidi tí supernova ní so pọ̀ mọ́ra wọn. Ìrísí ìtàn fífẹ̀ nìkan ló lè sọ. Bí ìwé kan bá gbé H0 jáde láti inú supernova, a jẹ́ pé ó ti fi ìjìnnà tó wá láti ibòmíràn kún un, irú bíi ti àwọn ìràwọ̀ Cepheid tí ìmọ́lẹ̀ wọn ń pọ̀ tó tún ń dín. Lẹ́ẹ̀kejì, àwọn àkójọ kò fẹnu kò pátápátá. Nígbà tí ẹgbẹ́ DESI, tó ń wọn ìgbì ohùn àtijọ́ tí mo máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú, fi dátà wọn ti 2025 pọ̀ mọ́ ti ìmọ́lẹ̀ àkọ́kọ́ àgbáyé àti supernova, àmì pé agbára òkùnkùn ń yí padà jẹ́ 2.8 sigma (bí sigma bá ṣe pọ̀ tó ni àmì kò ṣe lè jẹ́ àkọsẹ̀bá) pẹ̀lú Pantheon+, 3.8 pẹ̀lú Union3, 4.2 pẹ̀lú àkójọ DES. Dátà ìyókù kò yí padà. Àkójọ supernova nìkan ni wọ́n pààrọ̀. Ẹni tó bá lo ọ̀kan ṣoṣo kí ó sọ èyí tó lò, kí ó sì gbìyànjú òmíràn bí àkókò bá gbà á láyè.

Ohun kẹta kan àwa tí a ń yẹ òòfà wò ní pàtàkì. Ìwọ̀n tí wọ́n sábà gbà pé ìràwọ̀ kékeré yẹn máa ń dé kí ó tó bú, tó jẹ́ nǹkan bíi ìlọ́po 1.4 ìwọ̀n oòrùn wa, dá lé agbára òòfà, G. Bí tíọ́rì yín bá jẹ́ kí G yí padà láti ìgbà dé ìgbà, a kò lè kàn gbà pé supernova àtijọ́ mọ́lẹ̀ bíi ti ìsinsìnyí. Ó yẹ kí ìwé yín sọ̀rọ̀ lórí èyí, ì báà jẹ́ láti fi hàn pé ìyípadà náà kéré.

Aago gálọ́ksì

Jimenez àti Loeb ló dá ọ̀nà yìí lábàá ní 2002, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, nítorí pé gbogbo dátà rẹ̀ kò ju ojú ewé kan lọ. A ń wá gálọ́ksì tó ti dẹ́kun bíbí ìràwọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, a ń fi irú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ mọ ọjọ́ orí rẹ̀, a sì ń fi àwọn tí redshift wọn súnmọ́ra wéra. Ìyàtọ̀ ọjọ́ orí àti ìyàtọ̀ redshift yóò fún wa ní H(z) tààrà, láìsí pé a kọ́kọ́ gba tíọ́rì kankan nípa fífẹ̀. Nọ́ńbà tó wà nínú àkójọ náà lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n, wọ́n sì dé redshift tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 2.

Owó kò sí níbẹ̀ rárá. Ẹni tí kò ní ju fóònù lọ lè da tábìlì náà kọ. Ibi tí ìṣòro wà ni ìgbẹ́kẹ̀lé. Ọjọ́ orí gálọ́ksì ń wá láti inú àpẹẹrẹ ìràwọ̀ tí kọ̀ǹpútà ṣe, àwọn àpẹẹrẹ wọ̀nyí kò sì gbà fún ara wọn ní gbogbo ọ̀nà. Àṣìṣe tó bá ti ibẹ̀ wá kan gbogbo nọ́ńbà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni. Moresco àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe ìṣirò bí àṣìṣe náà ṣe so wọ́n pọ̀ ní 2020, síbẹ̀ ìwé púpọ̀ ṣì ń lò wọ́n bí ẹni pé nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan dá dúró, èyí sì ń mú kí èsì wọn dà bíi pé ó dájú ju bó ṣe rí lọ.

Ẹ tún ṣọ́ra fún àkójọ H(z) tó ju àádọ́ta nọ́ńbà lọ tó ń káàkiri nínú ìwé. Nǹkan bí ìdajì rẹ̀ kì í ṣe aago gálọ́ksì. Láti ọ̀dọ̀ ìgbì ohùn àtijọ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti wá. Ẹni tó bá lo àkójọ yẹn, tó tún fi dátà ìgbì ohùn kún un, ti ka ẹ̀rí kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ní ti pé aago náà kò fara mọ́ tíọ́rì kankan, òtítọ́ ni ní ti fífẹ̀. Ní ti òòfà, ó gbà pé inú ìràwọ̀ ń jó bó ṣe ń jó lábẹ́ òfin Newton. Nínú àwọn f(R) kan, òòfà inú ìràwọ̀ lè lágbára sí i bí gálọ́ksì náà kò bá ní ààbò tó (ìyẹn ohun tó ń pa agbára àfikún òòfà mọ́ níbi tí ohun bá ti ki), ìràwọ̀ yóò sì jó kíákíá, aago yóò ṣì wá lọ́nà.

Ìgbì ohùn àtijọ́

Kí àgbáyé tó tutù tó láti jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ rìn, ohùn ń rìn nínú rẹ̀ bí ìgbì. Nígbà tí ìrìn náà dúró, ó fi àmì sílẹ̀: gálọ́ksì méjì nífẹ̀ẹ́ láti jìnnà síra wọn ní ìwọ̀n kan pàtó, nǹkan bí 147 mẹ́gápásẹ́ẹ̀kì ní òdiwọ̀n òde òní (mẹ́gápásẹ́ẹ̀kì kan ju ìjìnnà tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn ní mílíọ̀nù ọdún mẹ́ta lọ). Ní 2005 ni ẹgbẹ́ SDSS àti ẹgbẹ́ 2dF kọ́kọ́ rí àmì náà kedere. Lónìí, DESI, tó wà lára awò ojú ọ̀run onímítà mẹ́rin ní Kitt Peak ní ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà, ló ń wọ̀n ọ́n jinlẹ̀ jù. Àtẹ̀jáde wọn ti oṣù kẹta 2025 lo gálọ́ksì àti quasar (àárín gálọ́ksì tó ń tàn yòò) tó ju mílíọ̀nù mẹ́rìnlá lọ.

Ohun tó wú mi lórí ni pé gbogbo iṣẹ́ ńlá yẹn parí sí nọ́ńbà tí kò tó ogún. Tábìlì kékeré ni wọ́n fún wa, àti bí àṣìṣe wọn ṣe so mọ́ra. Ní ti pé owó rẹ̀ kéré tí ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀ sì ga, n kò rí ẹ̀rí fífẹ̀ kan tó dára jù ú lọ. Ohun kan ṣoṣo ló yẹ kí á rántí: ìjìnnà tí a pín fún òdiwọ̀n ohùn yẹn ni wọ́n ń fún wa. Bí tíọ́rì yín bá yí òòfà padà ní ìgbà àárọ̀ àgbáyé, òdiwọ̀n náà kì í ṣe 147 mọ́, ẹ kò sì gbọdọ̀ kọ 147 sínú iṣẹ́ yín bíi pé ó ti wà bẹ́ẹ̀ láti ọ̀run. Ẹ fi í sílẹ̀ kó jẹ́ pàrámítà. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà ìkẹyìn nìkan ni tíọ́rì náà yàtọ̀, kò sí ewu.

Ìmọ́lẹ̀ àkọ́kọ́ àgbáyé

Sátẹ́láìtì Planck, tí wọ́n rán lọ ní 2009, wo ìmọ́lẹ̀ tó ṣẹ́kù láti ìgbà tí àgbáyé kéré jọjọ, ó sì wọ̀n ọ́n débi pé a mọ ìgun tí ìgbì ohùn gbà lójú ọ̀run pẹ̀lú àṣìṣe tí kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún. Kò sí ẹ̀rí tó jinlẹ̀ tó o, kò sì sí èyí tó gba owó tó o. Láti lò ó ní kíkún, a gbọ́dọ̀ tún ètò kọ̀ǹpútà bíi CLASS tàbí CAMB ṣe kí ó mọ tíọ́rì wa, kí a sì jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Fún àwọn tíọ́rì tó wọ inú ẹbí Horndeski (ẹbí ńlá àwọn tíọ́rì tó fi pápá kan ṣoṣo kún òòfà Einstein), ẹlòmíràn ti ṣe iṣẹ́ náà: hi_class, EFTCAMB àti MGCAMB wà lọ́fẹ̀ẹ́. Fún f(T) tàbí f(R,T), ẹni tó bá fẹ́ ẹ yóò kọ púpọ̀ nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀, ìyẹn sì lè jẹ iṣẹ́ ìwádìí odidi kan tán.

Ọ̀nà ẹ̀bùrú kan wà tí àwọn ènìyàn máa ń gbà: wọ́n á fún gbogbo dátà Planck pọ̀ sí nọ́ńbà méjì tàbí mẹ́ta tó dúró fún ìjìnnà. Ó yá, kò náni lówó, ó sì tọ́ bí tíọ́rì náà bá bá ti Einstein dọ́gba ní ìgbà àtijọ́. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà wọ̀nyẹn kò bófin mu fún un mọ́, nítorí pé inú tíọ́rì Einstein ni wọ́n ti fún wọn jáde. Ohun iyebíye mìíràn tí ìfúnpọ̀ náà ń sọ nù ni ipa tí òòfà ń ní lórí ìmọ́lẹ̀ náà bó ṣe ń gba àárín àwọn ìṣùpọ̀ gálọ́ksì kọjá ní ìgbà ìkẹyìn. Ipa yẹn gan-an, nígbà tí wọ́n fi í wéra pẹ̀lú ibi tí gálọ́ksì wà, ló ti tíọ́rì Galileon oníkúbù, ọ̀kan nínú ẹbí Horndeski, ṣubú, bẹ́ẹ̀ fífẹ̀ rẹ̀ kò ní àbùkù tó fojú hàn.

Ìdàgbàsókè ìṣùpọ̀ gálọ́ksì

Níbí ni iná tí a ó gbé epo kà wà. Bí ohun tó wà nínú àgbáyé ṣe ń ṣù pọ̀ dá lé ìjà láàárín ohun méjì: òòfà tó ń fà wọ́n mọ́ra, àti fífẹ̀ tó ń tú wọn ká. Bí tíọ́rì méjì bá ní fífẹ̀ kan náà ṣùgbọ́n tí òòfà wọn yàtọ̀, ìṣùpọ̀ kò ní í dàgbà bákan náà. Nínú f(R), òòfà lè fi ìdá kan nínú mẹ́ta lágbára ju ti Einstein lọ níbi tí kò bá sí ààbò. Nínú f(T), ìtẹ̀sí iṣẹ́ ìdọ́gba náà ló ń pín G, tó ń mú un lọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Àwọn olùwádìí fẹ́ràn láti fi nọ́ńbà kan, gamma, ṣe àkópọ̀ bí ìṣùpọ̀ ṣe ń dàgbà: lábẹ́ Einstein ó súnmọ́ 0.55, lábẹ́ tíọ́rì DGP tí Dvali, Gabadadze àti Porrati gbé jáde ní 2000 ó súnmọ́ 0.68. Ìyàtọ̀ tó fojú hàn nìyẹn.

Dátà tó wọ́pọ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní fσ8 (bí ìṣùpọ̀ ṣe ń yára dàgbà, ní ìlọ́po bó ṣe ṣù pọ̀ tó), tí wọ́n ń rí láti inú bí ìrìn àwọn gálọ́ksì ṣe ń fún àwòrán ìṣùpọ̀ wọn pọ̀ ní ìhà ojú wa. Tábìlì kékeré ni òun náà, ìdọ́gba tí a ó fi bá a ṣiṣẹ́ kò sì ju ìlà kan lọ; akẹ́kọ̀ọ́ másítà lè yanjú rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n àkójọ fσ8 tó gùn, tó ní ọgọ́ta nọ́ńbà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní ìṣòro tó jọ ti H(z): ojú ọ̀run kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn wò ní ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìdí nìyẹn tí wọn kò fi dá dúró. Mo fẹ́ràn nọ́ńbà mẹ́wàá tó mọ́ ju ọgọ́ta tó dàpọ̀ lọ. Bákan náà, àwọn tó wọ̀n wọ́n ti fi tíọ́rì Einstein sọ redshift di ìjìnnà, nítorí náà ó yẹ kí á ṣe àtúnṣe fún un. Àti pé nínú f(R), ìdàgbàsókè kò dọ́gba ní gbogbo ìwọ̀n ìjìnnà, nítorí náà nọ́ńbà fσ8 kan ṣoṣo fún redshift kan kò tó láti sọ gbogbo ìtàn rẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ gálọ́ksì tó ń tẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣùpọ̀ jẹ́ ẹ̀rí kejì nínú ẹ̀ka yìí. Ìmọ́lẹ̀ ń gbọ́ apá méjèèjì òòfà, gálọ́ksì tó ń rìn ń gbọ́ ẹyọ kan. Bí a bá fi àwọn méjèèjì wéra, a lè rí bí tíọ́rì kan bá ń ṣe ojúsàájú láàárín wọn. Sátẹ́láìtì Euclid tí wọ́n rán lọ ní oṣù keje 2023 ń ṣe iṣẹ́ yìí lọ́wọ́. Dátà rẹ̀ wúwo gan-an, n kò sì ní gba akẹ́kọ̀ọ́ tó dá nìkan ṣiṣẹ́ nímọ̀ràn pé kí ó dáwọ́ lé e. Títí di ìsinsìnyí, ohun tí DESI rí nípa ìdàgbàsókè bá òòfà Einstein mu.

Ìgbì òòfà

Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ 2017, ìgbì òòfà láti ọ̀dọ̀ ìràwọ̀ neutron méjì tó kọlu ara wọn nínú gálọ́ksì NGC 4993 dé ayé, ìtànṣán gáámà sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 1.7. Wọ́n ti rìn fún nǹkan bí 130 mílíọ̀nù ọdún. Ìyẹn ni pé iyára òòfà àti iyára ìmọ́lẹ̀ kò yàtọ̀ síra ju nǹkan bí ìdá kan nínú mílíọ̀nù bílíọ̀nù lọ. Apá ńlá nínú ẹbí Horndeski, tó fi mọ́ Galileon onípele kẹrin àti ìkarùn-ún, kò lè ṣàlàyé fífẹ̀ àgbáyé mọ́ láti ọjọ́ náà. f(R), Brans-Dicke (tíọ́rì tó jẹ́ kí G lè yí padà) àti f(T) là á já, nítorí pé ìgbì òòfà wọn ń rìn pẹ̀lú iyára ìmọ́lẹ̀.

Ẹ̀rí yìí kò náni ní kọ́bọ̀. Bébà àti bírò ló gbà: ẹ ṣe ìṣirò iyára ìgbì òòfà nínú tíọ́rì yín kí ẹ tó gba dátà kankan sílẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n H0, kò tíì lágbára, nítorí pé iye tó fún wa, 70 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún mẹ́gápásẹ́ẹ̀kì kọ̀ọ̀kan, lè lọ sókè ní 12 tàbí sísàlẹ̀ ní 8.

Ẹ̀rí tó wà nítòsí

Kì í ṣe ẹ̀rí fífẹ̀, ṣùgbọ́n tíọ́rì tó bá kùnà nínú ètò oòrùn kò ní ìdí láti dé ọ̀dọ̀ gálọ́ksì. Erékùṣù Príncipe, nínú Òkun Gíní tó kan etíkun tiwa náà, ni Eddington ti ya àwòrán ìràwọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oòrùn tó wọ̀ òkùnkùn ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 1919, tí wọ́n sì rí i pé ìmọ́lẹ̀ tẹ̀ bí Einstein ṣe sọ. Ní 2003, àmì rédíò ọkọ̀ ojú ọ̀run Cassini mú ìdánwò náà jinlẹ̀ débi pé Brans-Dicke tó rọrùn ti di ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí Einstein. f(R) nílò ààbò tó ń pa agbára àfikún rẹ̀ mọ́ níbi tí ohun bá ti ki. Bí f(R) tí ẹ yàn kò bá ní ààbò yìí, ẹ fi í sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ H0 àti ọ̀rọ̀ kíka pàrámítà

Planck, tí a bá fi tíọ́rì tó wọ́pọ̀ (òòfà Einstein pẹ̀lú agbára òkùnkùn tí kì í yí padà) kà á, sọ pé H0 jẹ́ 67.4, pẹ̀lú àṣìṣe 0.5. Cepheid àti supernova sọ pé 73.04, pẹ̀lú àṣìṣe 1.04. Ọ̀pọ̀ ìwé ń kéde pé tíọ́rì òòfà àwọn ti parí ìjà tó wà láàárín nọ́ńbà méjì yìí. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é: bí àlà àṣìṣe wọn bá kàn fẹ̀ sí i títí ó fi gba nọ́ńbà méjèèjì mọ́ra, ìjà kò tíì parí. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bẹ̀rẹ̀ má fi H0 ṣe ìdí iṣẹ́ rẹ̀.

Tíọ́rì tó ní pàrámítà púpọ̀ yóò máa bá dátà mu ju èyí tó ní díẹ̀ lọ, nítorí náà χ² (òǹkà bí tíọ́rì ṣe jìnnà sí dátà tó) tó kéré nìkan kò tó láti jẹ́ ẹ̀rí. AIC àti BIC jẹ́ òṣùwọ̀n méjì tó ń fi owó ìtanràn lé pàrámítà púpọ̀. AIC ń gba 2 lọ́wọ́ pàrámítà kọ̀ọ̀kan; BIC, bí a bá lo supernova tó lé ní 1500, ń gbà ju 7 lọ. Ó wọ́pọ̀ kí AIC yìn tíọ́rì kan kí BIC sì bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀.

Ta ni kó yan èwo

Akẹ́kọ̀ọ́ lísáǹsì, tàbí olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ tó fẹ́ kí kíláàsì rẹ̀ fojú rí i pé àgbáyé ń fẹ̀, kí ó mú aago gálọ́ksì. Tábìlì náà ṣeé kọ sójú pátákó, àwọn ọmọ sì lè fi ọwọ́ ya àwòrán rẹ̀. Àmọ́ kí ó má ṣe pè é ní ìdánwò òòfà.

Akẹ́kọ̀ọ́ másítà tó ń ṣiṣẹ́ lórí f(T) kí ó fi DESI àti Pantheon+ ṣe ìpìlẹ̀, kí ó fi aago gálọ́ksì yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì yan fσ8 díẹ̀ tó mọ́. Bí àkókò kò bá gba gbogbo rẹ̀, kí ó yọ aago náà kúrò kí fσ8 lè dúró. Gbogbo rẹ̀ kò ju agbára kọ̀ǹpútà alágbèéká lọ. Ètò emcee lè máa kọ ibi tó bá iṣẹ́ dé sínú fáìlì bó ṣe ń lọ, nítorí náà bí iná bá lọ lóru, ẹ óò tẹ̀síwájú láti ibi tó dúró sí.

Ẹni tó yan f(R) ti Hu àti Sawicki kí ó má fi àkókò ṣòfò lórí supernova. Wọ́n dìídì ṣe tíọ́rì náà ní 2007 kí fífẹ̀ rẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ti tíọ́rì tó wọ́pọ̀ ni; ìdàgbàsókè ìṣùpọ̀, ìmọ́lẹ̀ tó tẹ̀, àti ẹ̀rí ètò oòrùn ló lè dá a lẹ́jọ́. Ẹni tó wà nínú ẹbí Horndeski kí ó kọ́kọ́ ṣírò iyára ìgbì òòfà. Bí ó bá là á já, kí ó kọ́ hi_class, kí ó sì wá ibi tí kọ̀ǹpútà tó lágbára wà, nítorí pé Planck ní kíkún ni ẹ̀rí tó bá a mu, iṣẹ́ ìpele dókítà sì ni.

f(R,T) ni mo fi sí ìkẹyìn, nítorí pé òun ló nílò ìṣọ́ra jù, tó sì kàn wá ní Àjàṣẹ́ jù. Nínú rẹ̀, agbára ohun gidi kì í sábà dúró láìyí, nítorí náà ohun tó wà nínú àgbáyé kò dín kù pẹ̀lú fífẹ̀ bí a ṣe mọ̀ ọ́n. Kí ẹ tó fi ọwọ́ kan dátà kankan, ẹ kọ ìdọ́gba ìpamọ́ tuntun yẹn sílẹ̀, ẹ yanjú rẹ̀, kí ẹ sì fi í sínú H(z). Lẹ́yìn náà, ẹ lo DESI pẹ̀lú òdiwọ̀n ohùn tí ẹ fi sílẹ̀ bíi pàrámítà, ẹ fi supernova kún un, ẹ má sì fọwọ́ kan nọ́ńbà tí wọ́n fún pọ̀ láti inú Planck.